Ọkọ mi kó àwọn ọmọ lọ, ó tún fìwé kóòtù ìbílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mọyọ̀ (Ìbàdàn):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Ọdún 2014 ni èmi àti ọkọ mi ṣe ìdána. Lọ́sẹ̀ kejì, a lọ fọwọ́ síwèé ní rìjísírì. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan àti ọkùnrin ọmọ ọdún márùn-ún kan ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti kúrò nílé rẹ̀ nítorí pé ó máa ń lù mí. Ọ̀dọ̀ mi làwọn ọmọ wà látìgbà náà.

Nígbà ìsinmi ilé ìwé tó kọjá, ó ní òun fẹ́ mú wọn lọ kí ìyá òun fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo di ẹrù wọn, mo fi ínhélà àbíkẹ́yìn sí àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ báàgì nítorí ikọ́ fée tó máa ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan ti di mẹ́fà. Wọ́n ti fi wọ́n síléèwé níbẹ̀. Bí mo bá pè, ìyá ọkọ mi á ní wọ́n ń sùn. Bàtà iléèwé ọmọ mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n ò lè gbé e kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, akódà kóòtù ìbílẹ̀ mú ìwé wá pé ọkọ mi fẹ́ kọ̀ mí, kí wọ́n sì fi àwọn ọmọ fún òun. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká lọ gbé wọn lẹ́nu géètì iléèwé lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣé òfin wà lẹ́yìn mi?

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí jókòó sọ ọ́. Nílẹ̀ wa, bàbá ló lọmọ. Bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á wá ọ wá.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá, ẹ má bínú, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń sọ ọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ikọ́ fée ń ṣe, ṣé òun náà á dúró dìgbà tó bá dàgbà? Mọ̀lẹ́bí tó ń sọ fún ìyá pé ọmọ ń sùn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí la fẹ́ bá wọn jókòó sọ?

Lọ́yà Òkè-Àdó:
Ìyá Mọyọ̀, ẹjọ́ ẹbí ni mo ń ṣe jù. Rìjísírì tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ló yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tó ṣe ìdána nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ bíi ti Mápó lè tú wọn ká. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ síwèé ní rìjísírì ti bọ́ sábẹ́ òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti ọdún 1970, Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló sì lè tú u. Ìdána tó ṣáájú kò yí ìyẹn padà.

Síbẹ̀, ẹ má pa ìwé náà tì! Ẹni tí kò yọjú ni wọ́n ń dájọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kẹ́ ẹ mú sàtífíkéètì ìgbéyàwó yín dání. Bó bá wà lọ́wọ́ ọkọ yín, rìjísírì tẹ́ ẹ ti ṣe é á fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ní ti ọmọ, àṣà ló ní bàbá ló ni ín, òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Apá 71 òfin 1970 yẹn ní ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 tún un sọ, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní tirẹ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé a kì í fi ọmọ san oore fún ẹni tó hùwà rere, a kì í sì í fi gbígba ọmọ jẹ ẹni tó ṣẹ̀ níyà. Owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á béèrè ẹni tó mọ oògùn ọmọ náà, ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ àṣetiléwá, ibi tí ara rẹ̀ ti mọ́lé.

Ẹ ò sì ní láti dúró de ìkọ̀sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé torí ẹ ò gbé pọ̀ mọ́ lẹ fẹ́ fi kọra yín, ọdún méjì ló gbọ́dọ̀ pé bí ẹnì kejì bá gbà, mẹ́ta bí kò bá gbà. Lílù jẹ́ ìdí mìíràn lọ́tọ̀. Àmọ́ ẹjọ́ ọmọ lè lọ sí kóòtù ẹbí báyìí, kẹ́ ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ onígbà díẹ̀ kí wọ́n dá wọn padà títí ẹjọ́ á fi parí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sẹ́nu géètì yẹn.

Bàbá Tómi (Ìkòròdú):
Ohun tí lọ́yà sọ kẹ́yìn ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Èmi ni mo gbé ọmọ mi bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Mo fà á wọ mọ́tò, tíṣà ń pariwo, ọmọ tọ̀ sára lórí ìjókòó. Adájọ́ bi mí nípa ọjọ́ yẹn, n ò rí nǹkan kan sọ. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi í fún. Wọ́n fún èmi ní Sátidé méjì lóṣù àti ìdajì ìsinmi. Oṣù mélòó kan kọjá kí ọmọ náà tó gbà láti jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, tí wọ́n bá padà dé, ẹ má dí bàbá wọn lọ́nà àtirí wọn, bí kò bá ti lù wọ́n rí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pè àti èsì tí wọ́n fọ̀. Ẹ kó káàdì ilé ìwòsàn, rìsíìtì owó iléèwé àti alááàtì owó jọ. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba, wọ́n lè ránṣẹ́ pe ọkọ yín. Bówó lọ́yà bá wọ́n, ẹ wá ẹgbẹ́ FIDA, agbẹjọ́rò obìnrin ni wọ́n, ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé sì ni iṣẹ́ wọn.

Ìyá Mọyọ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni. N ò lọ sí iléèwé náà. Mo gba ẹ̀dà sàtífíkéètì, mo sì gbé e lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Ààrẹ kóòtù yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àwọn ò lágbára lórí rẹ̀, ó sì lé ẹjọ́ náà dànù. Wẹ́fíà pe ọkọ mi, wọ́n ní kó pe àwọn ọmọ sórí fóònù níwájú wọn. Àkọ́bí mi ní ínhélà àbúrò òun ti tán. Ọjọ́ kejì ni mo fi tuntun rán wẹ́fíà sí wọn. A ti fi ìwé sí kóòtù ẹbí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á gbọ́ ọ.

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ti máa kọ́ ọmọbìnrin mi ní ohun tó máa sọ?

Lọ́yà Òkè-Àdó:
Rárá o. Bí adájọ́ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó lè pè é sí yàrá rẹ̀, kó rọra bi í. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọmọ máa ń hàn kedere. Bẹ́ ẹ bá rí i bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ bi í bó ti jẹun, kẹ́ ẹ sì bá a kọ́ tábù.