Metformin ń da inú mi rú: ṣé kí n dá a dúró?

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní oṣù tó kọjá ni dókítà sọ pé mo ní àtọ̀gbẹ, ó sì ní kí n máa lo Metformin 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Láti kékeré ni inú mi kò ti gba ohun gbogbo. Ẹ̀wà lásán a máa mú un kùn. Ní báyìí, bí mo bá ti lo oògùn náà kí n tó lọ ṣí ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba, ìgbẹ́ gbuuru ni títí di ọ̀sán. Ṣé kí n dá a dúró ná?

Bàbá Olùkọ́, Òǹdó: Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ìyá wa, nítorí ṣúgà lè gòkè láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ṣé kì í ṣe inú òfìfo ni ẹ fi ń lò ó? Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ẹlẹ́ja ni èmi fi ń ṣíwájú tèmi, ó sì rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nọ́ọ̀sì kan, Àkúrẹ́: Ẹ bi dókítà yín léèrè nípa Metformin XR, èyí tó ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara, tí ó sì máa ń rọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, odidi ni kí ẹ gbé e mì, ẹ má ṣe fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí èébì bá dà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ gbuuru, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun púpọ̀. Òótọ́ ni Bàbá sọ, tíì lásán ni mo ń mu kí n tó jáde.