Ṣé yíyí òfin padà kọ́ ló ń sọ Formula One di ti olówó báyìí?

Ọmọ_Ìgbọ̀nà
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ bá mi dá sí iyàn kan jàre. A wà ní viewing centre kan ní Ọláìyá lánàá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n gbé sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, kékeré ẹ̀gbẹ́ fìríìjì ni wọ́n fi fún àwa tá à ń wo mọ́tò, síbẹ̀ àwa náà tún ń bára wa jà. Ohun témi sọ ni pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá yí òfin padà, owó á gun òkè, tíìmù kan á wá jẹ gàba. Ẹ wo 2014 tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì V8 tì tí wọ́n ní V6 oní-túbò tó ń lo bẹ́tìrì mọ́ ọn ni wọ́n máa lò, eré 16 nínú 19 ni Mercedes gbà lọ́dún yẹn, ife àwọn tíìmù ò sì kúrò lọ́wọ́ wọn títí dé 2021! Wọ́n tún ti yí i ní 2026. Kí ló dé tí wọn ò lè fi nǹkan tó ń lọ dáadáa sílẹ̀?

Mẹkáníìkì_Òkè-Fìà
Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ lo sọ. 2009 ńkọ́? Honda ti kógbá sílé ní ìparí 2008, Ross Brawn tó jẹ́ ọ̀gá tíìmù yẹn gbà á, òfin yí padà, awakọ̀ wọn Jenson Button gba eré 6 nínú 7 àkọ́kọ́. Abẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti rí i. Atẹ́gùn tó bá gba abẹ́ kọjá, ẹ̀yìn ló ń gbà jáde, bó bá ṣe ráyè jáde tó ló ṣe máa fa mọ́tò mọ́lẹ̀ tó, àwọn Brawn wá la ọ̀nà kejì sókè èyí tí gbogbo èèyàn ń lò. Toyota àti Williams náà ní in. Àwọn tó kù pariwo, ẹjọ́ dé iwájú FIA, àjọ tó ń ṣòfin eré mọ́tò, lóṣù kẹrin, wọ́n ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kálukú wá ń gé mọ́tò tó ti kọ́ tán, tó ń tún un tò, láàárín sáà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pè é ní ìtàn tálákà tó borí, owó Honda ló wà nínú mọ́tò yẹn o, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n ti fi ṣe é kí wọ́n tó lọ.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ kú àlàyé sà. Èmi ìṣirò ni mò ń ṣe jẹun, ibi owó ni kí n gbà wọlé. Àtọdún 2021 ni òpin ti wà fún ohun tí tíìmù lè ná, mílíọ̀nù 145 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, owó àwọn awakọ̀ ò sí níbẹ̀, ti ìpolówó náà ò sí níbẹ̀. Red Bull ná kọjá ẹ lọ́dún àkọ́kọ́ gan-an, wọ́n bu mílíọ̀nù 7 lé wọn lórí, wọ́n tún gé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí wọ́n fi ń dán mọ́tò wò nínú wind tunnel, ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu mọ́tò láti mọ bó ṣe máa sáré sí.

Ọmọ_Ìgbọ̀nà
Wọ́n sì tún gba 21 nínú 22 ní 2023 😂

Ìyá_Ìbejì
Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rẹ́rìn-ín. Ọdún tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Òfin mọ́tò tí wọ́n yí ní 2022 náà ló ṣì wà ńlẹ̀, awakọ̀ 7 ló gba eré, McLaren gba ife tíìmù tí wọn ò gbà láti 1998. Ẹni tó bá gba ife, àkókò wind tunnel ẹ̀ ló máa ń kéré jù lọ, ti ẹni ìkẹyìn ló ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó gba ọdún díẹ̀ kó tó hàn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbè sẹ́yìn yín díẹ̀: kí wọ́n fi òpin owó sílẹ̀, kí wọ́n yé fọwọ́ kan mọ́tò.

Táyà_Gbígbóná
Tí wọn ò bá fọwọ́ kàn án, ta ló máa wọlé? Torí pé wọ́n yọ MGU-H, ẹ̀rọ tó ń sọ ooru èéfín di iná mànàmáná, tó le tó sì wọ́n yẹn kúrò nínú ẹ́ńjìnnì 2026 ni Audi ṣe gbà láti wá. Ìlérí owó nìkan ò tó. Tíìmù mẹ́ta wọlé ní 2010 nítorí òpin £40m tí wọ́n sọ pé ó ń bọ̀, kò dé, gbogbo wọn ti kógbá sílé kí eré 2017 tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì tún ń yin òpin owó, ṣé kì í ṣe mílíọ̀nù 215 dọ́là ló dà fún 2026?

Ìyá_Ìbejì
Ẹ má kàn gbé 215 sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àtijọ́ o. Wọ́n ti kó àwọn ìnáwó kan tó wà níta tẹ́lẹ̀ wọnú ẹ̀, wọ́n tún ro ti ọjà tó ń gbówó lórí mọ́ ọn. Ti ẹ́ńjìnnì sì dá dúró lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá mi lẹ́jọ́.