Ère ẹni mímọ́ tí wọ́n kó ejò bò ní Ítálì, ẹ bá mi dá sí i o

Ọmọ Ìtòkú
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Pescara ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wa lórí Wásááàpù lánàá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mò ń ka yáàdì àdìrẹ fún kọ́sítọ́mà, mo ṣí i báyìí, yéè, díẹ̀ ló kù kí n sọ fóònù nù. Ère ẹni mímọ́ kan ni wọ́n gbé jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ejò ló wé mọ́ ọn lọ́rùn lápá, ejò tó ń rìn o, kì í ṣe rọ́bà. Fádà wà ńbẹ̀ tòun ti aṣọ oyè ẹ̀, ọmọ kékeré kan fi ejò kọ́rùn bíi ṣéènì, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Mo ní kí lèyí, ó ní ọdún ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìlú wọn ni, ó ní òun gan-an fọwọ́ kan ejò ọ̀hún. Màmá wa ti rí i o, àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà, wọ́n ní kó má jẹ oúnjẹ ọwọ́ wọn mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Ítálì rí, kí ni kí n sọ fún màmá mi? Ọdún ṣọ́ọ̀ṣì nìyí àbí ọdún ìbílẹ̀?

Ọmọ Adátán
Ère tó gbé erè wọ̀ 😂😂 Èmi tí mò ń sá fún okùn lálẹ́. Ẹ bá mi kí àbúrò yín, àyà ẹ̀ le.

Bọ̀dá Róòmù
Kì í ṣe erè o, Adátán. Cocullo nìyẹn, mo mọ ibẹ̀, mo gbé Róòmù fún ọdún mọ́kànlá kí n tó padà wálé. Ìlú kékeré kan ni lórí òkè ní agbègbè Abruzzo, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 200 lọ, èrò tó ń dúró de mọ́tò ní Pańṣẹ́kẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè pọ̀ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù May, ẹ ò ní ríbi fi ẹsẹ̀ lé, ọmọ ìlú tó ti kó lọ á dé, àlejò á dé. Tẹ́lẹ̀, Tọ́sìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù May ni wọ́n ń ṣe é kí wọ́n tó yí i.

San Domenico lorúkọ ẹni mímọ́ náà, mọ́ńkì ni, ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ sin Ọlọ́run (kì í ṣe ọ̀bọ o), ó kú ní 1031. Wọ́n ní ó fi eyín ẹ̀ kan sílẹ̀ fún wọn àti bàtà irin ìbaaka tó ń gùn, méjèèjì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní. Òun ni wọ́n ń ké pè lórí ejò, lórí ajá dìgbòlugi, lórí eyín dídùn. Agogo kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tí wọ́n so okùn mọ́, eyín lẹ ó fi fa okùn ọ̀hún kí eyín má baà dùn yín. Èmi náà tò sórí láìnì, mo fà á. Eyín ọ̀tún mi ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, bóyá eyín òsì ló yẹ kí n fi fà á 😂

Àwọn tó ń mú ejò, serpari ni wọ́n ń pè wọ́n, tí òtútù bá ti ń lọ lóṣù March ni wọ́n ti ń wá a kiri, àwọn míì bàbá ló kọ́ wọn. Èyí tí ò lóró ni wọ́n ń mú, cervone ló tóbi jù nínú wọn, ó lè gùn tó mítà méjì.

Ọmọ Ìtòkú
Ẹ ṣé sà. Ṣé kì í ṣán èèyàn rárá ni?

Bọ̀dá Róòmù
Tó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ṣán ẹ kẹ̀. Oró ni ò ní.

Ìyá Lántòrò
Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ ká máa sọ pé Àgùdà ń bọ ejò. Ẹni mímọ́ la ní kó bá wa bẹ Ọlọ́run, ejò tó wà lára ẹ̀, ohun tí wọ́n ní apá ẹ̀ ká ni. Àgbẹ̀ àti darandaran ló pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n tún máa ń bu erùpẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lọ sí oko kí ejò má baà súnmọ́ ọn. Ẹni tí ò bá gbé oko rí ló máa rẹ́rìn-ín. Ejò ṣán bàbá tèmi nínú oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ọdẹ́dá nígbà tí mo wà ní praímárì, a gbé e sórí kẹ̀kẹ́, gbogbo orúkọ tó wá sẹ́nu màmá mi ni wọ́n pè lọ́jọ́ yẹn, orúkọ ẹni mímọ́, orúkọ bàbá ńlá. Bàbá yè é. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ wọn nínú gbogbo ẹ̀.

Akọ́wé Ìbarà
Ẹ ṣé mà. Àmọ́ ká sọ òótọ́, kí ìgbàgbọ́ tó dé òkè yẹn, àwọn kan wà ní agbègbè náà tí wọ́n ń pè ní Marsi, àwọn ará Róòmù àtijọ́ mọ̀ wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀ ejò àti ewé, òrìṣà obìnrin wọn ni Angitia, ó sì lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ejò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ní ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà Ọmọ Ìtòkú, méjèèjì ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé tá a bá ń lọ sí Igbó Lísàbí lọ́dọọdún, àwọn kan á ní a ń bọ̀rìṣà, àwọn yẹn náà ló máa wọkọ̀ òfuurufú lọ ya fọ́tò pẹ̀lú ejò ní Ítálì.

Ọmọ Adátán
Akọ́wé, ẹ rọra o, wọ́n ò dárúkọ Lísàbí níbí.

Ọmọ Ìtòkú
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá. Ara wọn ti balẹ̀ díẹ̀, ti àgbẹ̀ yẹn ló wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n wá ní kí n bi Bọ̀dá Róòmù, tọ́dún bá parí, báwo ni wọ́n ṣe ń se ejò ọ̀hún?

Bọ̀dá Róòmù
Wọn kì í sè é o, òfin ò gbà kí wọ́n pa á. Àwọn onímọ̀ ejò á ti wọ̀n ọ́n, wọ́n á yẹ ara ẹ̀ wò, lẹ́yìn náà wọ́n á dá kálukú padà síbi tí wọ́n ti mú un gẹ́lẹ́.

Ọmọ Ìtòkú
Háà. Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n ní ẹni tó mú ejò láàyè tó tún gbé e padà sínú igbó, orí ẹ̀ ò pé.