Ìmọ̀ràn: PSI mélòó ló yẹ kí táyà Corolla mi gbà?

ỌmọỌ̀tà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Corolla 2006 ni ọkọ̀ náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá, táyà 195/65R15 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fọkanáísà àdúgbò máa ń fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 40 PSI (PSI ni wọ́n fi ń ka agbára atẹ́gùn inú táyà). Ẹlòmíràn ní 35 ló dáa. Ara táyà fúnra rẹ̀ kọ "MAX PRESS 44 PSI". Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkọ̀ yìí máa gbé èèyàn márùn-ún pẹ̀lú ẹrù láti Ọ̀tà lọ sí Iléṣà, awakọ̀ kan sì ti ní kí n dín atẹ́gùn kù ká tó gbéra nítorí oòrùn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ẹ tún bá mi sọ irú géèjì tí mo lè rà láti fi máa wọn atẹ́gùn náà.

ẸnjiníàAràbà
Ara táyà kò parọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kọ́ ló ń dáhùn. 44 yẹn ni òpin tí atẹ́gùn inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá nígbà tó bá tutù. Iléeṣẹ́ tó ṣe táyà kò mọ ọkọ̀ tí wọ́n máa dè é mọ́. Iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló mọ bí ẹnjìnnì ṣe wúwo tó níwájú àti ohun tí bùútù lè gbé lẹ́yìn, òun náà ló sì ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún yín.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn náà ń tì mọ́. Sítíkà kan wà níbẹ̀ tó ní àwòrán táyà lórí. Fún Corolla ọdún yẹn tó ń lo 195/65R15, 30 PSI lẹ máa bá níbẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Bí tiyín bá kọ ohun mìíràn, ohun tó kọ ni kí ẹ tẹ̀lé, ẹ fi tèmi sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ Jámánì kan wà tó jẹ́ pé inú ìdérí ihò epo ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ti kun ọkọ̀ lọ́dà tí sítíkà sì ti bọ́ dànù, ó wà nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá.

Bí ẹ bá fi 40 sí ohun tó yẹ kó gba 30, àárín ojú táyà ni yóò máa gbé ọkọ̀ náà, etí méjèèjì kò ní fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Àárín á tètè pá. Bíréèkì kò ní tètè mú bí òjò bá rọ̀. Gálọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan á sì máa lọ tààrà sára rímù àti ṣọ́kì, nítorí táyà tó le bí igi kò lè gba ìyà yẹn mọ́ra fún wọn.

ArìnMárosẹ̀
Ọ̀rọ̀ awakọ̀ tó ní kí ẹ dín atẹ́gùn kù ni kí ẹ jẹ́ ká dúró lé lórí, torí òun ló lè gbẹ̀mí èèyàn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí oòrùn bá mú, atẹ́gùn á wú, táyà á bẹ́. Lóòótọ́ ó ń wú. Táyà tó wà ní 30 láàárọ̀ lè wọ 34 tàbí 36 lẹ́yìn wákàtí kan lórí márosẹ̀. Ìyẹn kò tó bẹ́ táyà tí ara rẹ̀ le, àwọn tó kọ 30 sórí sítíkà ti ro gbígbóná yẹn mọ́ ọn. Rírọ̀ ló ń bẹ́ táyà.

Ẹ wò ó báyìí. Bí a bá fi okùn wọn táyà 195/65R15 yíká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Tí ọkọ̀ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí í ṣe òpin eré tí òfin Nàìjíríà gbà fún ọkọ̀ àdáni lórí márosẹ̀, táyà náà ń yí tó ìgbà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tí ibì kan lára rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà níbẹ̀ á tẹ̀, á tún nà padà. Bí atẹ́gùn bá kéré, títẹ̀ yẹn á pọ̀ jù, rọ́bà á sì máa gbóná láti inú wá. Bó bá gbóná dé àyè kan, rọ́bà àti wáyà tó wà nínú táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lára ara wọn, ojú táyà á ṣí, ó parí. Ẹ wá fi èèyàn márùn-ún àti ẹrù kún un, kí ẹ ro ohun tí 25 PSI máa ṣe.

Nítorí náà, bí ẹ bá dúró ní Ìbàdàn tàbí Ìkirè tí géèjì sì kọ 35 lára táyà tó gbóná, ẹ má yọ ohunkóhun. Bí ẹ bá yọ ọ́ wá sí 30, nígbà tó bá fi máa tutù, ó ti di 25 tàbí 26. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kọ 28 nígbà tí mẹ́ta yòókù kọ 35, ọ̀kan yẹn ń jò, ẹ má gbéra.

ÌyáTáyàMọ́kọ́lá
Ọmọ mi, géèjì àti àsìkò tí o fi wọ̀n ọ́n ló ń ba nọ́ńbà jẹ́ jù.

Ra géèjì olójú aago tí kò kọjá 60 PSI. Èyí tó dé 150, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ìlà ojú rẹ̀ há mọ́ra, o kò ní mọ ìyàtọ̀ 30 sí 33. Oníbátìrì náà dára, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ lè kú lọ́jọ́ tó o nílò rẹ̀. Géèjì onírin gígùn tó ti ṣubú lulẹ̀ léraléra lè fi PSI mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣìnà. Fi tìẹ àti ti ẹlòmíràn wọn táyà kan náà kí o mọ̀ bí wọ́n bá ṣọ̀kan.

Àárọ̀ ni kí o wọ̀n ọ́n, kí oòrùn tó kàn án. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Bí ó bá ti rìn ju bíi kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ, ó ti gbóná nìyẹn. Tú ìdérí fáàfù, gbé ẹnu géèjì lé e ní gbọọrọ, kí o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ń gbọ́ "ṣìììì", kò jókòó dáadáa, nọ́ńbà yẹn kò ṣeé gbà. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Má sọ ìdérí nù o, eruku àti iyanrìn ló ń kó sínú fáàfù tó fi ń jò.

Bí fọkanáísà bá jìnnà ńkọ́? Wọ̀n ọ́n nílé kí o tó gbéra. Ká ní ó jẹ́ 26, mẹ́rin ló kù sí 30. Tí o bá débẹ̀ tí géèjì tìẹ wá kọ 28 torí pé táyà ti gbóná, ṣì fi mẹ́rin yẹn kún un, kó di 32. Bó bá tutù, á padà sí 30. Géèjì tìẹ ni kí o fi wọ̀n ọ́n nílé àti níbẹ̀, má ṣe da ti fọkanáísà pọ̀ mọ́ ọn.

Lásìkò ọyẹ́, ìwọ̀n ooru àárọ̀ lè fi dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì 14 dín sí ti ọ̀sán. Ìyẹn nìkan tó mú PSI méjì kúrò. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni kí o máa wò ó, torí táyà tí kò jò pàápàá ń pàdánù bíi PSI kan lóṣù.

OnísànÌlàrò
Màmá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ṣé sítíkà kì í ṣìnà? Àti pé èèyàn márùn-ún pẹ̀lú ẹrù ń bọ̀. Ó yẹ kó fi 36 sẹ́yìn.

ẸnjiníàAràbà
Ìbéèrè tó tọ́ ni. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2000, iléeṣẹ́ Firestone tó ń ṣe táyà pe táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ojú táyà tó ń ṣí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà lábẹ́ Ford Explorer. 26 PSI ni Ford kọ fún ọkọ̀ náà, Firestone sì wá ní kó jẹ́ 30. Wọ́n jiyàn gan-an lórí ẹni tó jẹ̀bi. Òfin tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ló fi iná táyà, tó ń kìlọ̀ pé atẹ́gùn ti dín, sí dáṣíbọ́ọ̀dù: gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹsàn-án 2007 ló gbọ́dọ̀ ní in. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ní in, ẹ má fi iná yẹn ṣe géèjì o. Òfin kò ní kó tàn àfi bí atẹ́gùn bá ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Táyà 32 lè ti dé 24 kó tó sọ̀rọ̀.

Ti ẹrù: nọ́ńbà sítíkà ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti ka ẹrù kíkún mọ́ ọn. Bí ọkàn yín bá fẹ́, ẹ gbé ẹ̀yìn lọ sí 32 tàbí 33, kò léwu. 36 kò nídìí, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa fò lójú gálọ́ọ̀pù. Ohun tí ẹ kò lè fi atẹ́gùn rà ni ìwọ̀n kílò tí sítíkà kan náà kọ fún èrò àti ẹrù lápapọ̀. Ẹ ro kílò èèyàn márùn-ún pọ̀ ná; àyè tó máa ṣẹ́ kù fún àpò gààrí lè má tó nǹkan. Ọkọ̀ tí sítíkà rẹ̀ ní ìlà méjì, ọ̀kan fún èèyàn díẹ̀, ọ̀kan fún ẹrù kíkún, ìlà kejì ni kó lò.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé 195/65R15. Bó bá jẹ́ 91, kílò 615 ni táyà kan lè gbé. Ẹ má gbà èyí tó kéré sí 91 lọ́wọ́ oní-tòkunbọ̀.

ỌmọÀjàṣẹ́
Fún ẹni tó bá ń sọdá sí ọ̀dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀: bar ni géèjì ibí ń kọ. PSI 30 jẹ́ bíi 2.1, 32 jẹ́ 2.2, 35 jẹ́ 2.4. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní 3, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 44.

ỌmọỌ̀tà
Ẹ ṣeun gan-an, Màmá, ẹ̀yin ọ̀gá. Sítíkà kọ 30 lóòótọ́. Géèjì tuntun, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ yìí, ọkọ̀ kò tíì kúrò lójú kan: iwájú òsì 37, iwájú ọ̀tún 29, ẹ̀yìn méjèèjì 38. Ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n fún gbogbo wọn ní 40. Sípià, èyí tó tínrín, 21.

ÌyáTáyàMọ́kọ́lá
29 yẹn dà bíi pé ó dára lójú, àmọ́ òun ló ń ṣàìsàn. Àwọn yòókù pàdánù méjì, mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ géèjì fọkanáísà ló fa ìyẹn. Òun pàdánù mọ́kànlá.

Fún un ní 35, kí o po ọṣẹ mọ́ omi, kí o dà á sí ẹnu fáàfù àti ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ibi tí táyà ti pàdé rímù yíká, lẹ́yìn náà ojú táyà. Ibi tó bá ń hó ni. Bó bá jẹ́ ẹnu fáàfù, kí wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdí, rọ́bà fáàfù ti sán, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ etí rímù, kí wọ́n tú táyà, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, kí wọ́n sì wò ó bóyá rímù ti tẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣó lójú táyà tí ihò kò ju mìlímítà mẹ́fà lọ, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ láti inú. Okùn rọ́bà tí wọ́n ń kì láti ìta, ká fi délé ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, má jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, má sì jẹ́ kí wọ́n ki túùbù sí i. Ra òmíràn.

Sípià tínrín kì í ṣe 30 o. 60 PSI ló ń gbà, ó wà lára rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sá ju 80 lọ. Ní 21, kò lè gbé ọ kúrò ní Ṣágámù.

Tí wọ́n bá ti tún un ṣe, sọ iwájú di 30, ẹ̀yìn di 32, kí o fi ọkọ̀ sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí o tún wọ̀n ọ́n. Bí iwájú ọ̀tún bá ti fi ju PSI kan lọ sílẹ̀, padà lọ kí wọ́n tún un wò kí o tó di ẹrù.