Eyín ọmọ mi ọmọ ọdún 7 ti lu ihò: ṣé kí n dúró kó ká fúnra rẹ̀?

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó di alẹ́ kẹrin tí ọmọ mi obìnrin ò jẹ́ ká sùn. Mo tan iná sí i lẹ́nu, mo rí ihò dúdú lórí eyín ńlá tó gbẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní eyín ọmọdé ni, yóò ká, kí n má náwó dànù. Aládùúgbò wa ní kòkòrò ni, kí n fi òwú tó rin omi bátìrì sí i. Ó sì ń fọ ẹnu láràárọ̀ o!

Ìyá Ìbejì: Omi bátìrì kẹ̀? Ẹ má dán an wò! Yóò bó ọmọ lẹ́nu ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ǹjẹ́ eyín kan ká níbẹ̀ kí èyí tó hù?

Ìyá Àdùkẹ́: Rárá mà. Ẹ̀yìn gbogbo eyín rẹ̀ ló ti yọjú, bó ṣe ń lọ sí ọmọ ọdún 6.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Eyín àgbà nìyẹn mà. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6, eyín ńlá mẹ́rin máa ń hù sẹ́yìn ẹnu, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, láìjẹ́ pé eyín kankan ká fún wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń rò pé eyín ọmọdé ni. Bí èyí bá lọ, òmíràn ò ní hù mọ́. Kì í ṣe kòkòrò tó ń rìn ló sì lu ú. Àwọn bakitéríà tí ojú lásán ò lè rí, pàápàá Streptococcus mutans, ló ń jẹ ṣúgà tó kù lẹ́nu, tí wọ́n ń sọ ọ́ di omi kíkan tó ń jẹ ara eyín. Tí ìrora bá ti ń jí ọmọ lóru, ó ti ń sún mọ́ ibi tí iṣan wà nínú eyín. Dókítà eyín lè tọ́jú inú rẹ̀, kó sì dí i láì yọ ọ́. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tàbí ara gbóná, ẹ má dúró di ọ̀la.

Bàbá ọlọ́mọ 3: Júùsì inú páálí ló ba eyín ọmọ tèmi jẹ́. Á máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi jáde nílé ìwé. Gbogbo ìgbà tí ṣúgà bá kan ẹnu, ó ń tó nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kí itọ́ tó borí omi kíkan yẹn. Omi lásán ló ń gbé lọ báyìí.

Ìyá Ìbejì: Àárọ̀ nìkan ò tó mà. Alẹ́ ló ṣe kókó jù, torí itọ́ máa ń dín kù lójú oorun. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń mú eyín le, ni kẹ́ ẹ lò. Kó tu ìfófòó dànù, kó má fi omi yọ ẹnu. Èmi ni mo ṣì ń fọ ti àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 7 ni wọ́n. Pákò dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kì í gbé e dé ẹ̀yìn.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun gan-an ni. UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, là ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ẹnu àbúrò rẹ̀ wò, ọmọ ọdún 5. Kò sí ihò, àmọ́ mo rí àmì funfun bí ẹfun nídìí eyín iwájú rẹ̀ méjì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn mà, ó sì ṣeé dá dúró kó tó lu. Ẹ mú òun náà dání lọ́la.