Ẹ sọ ìrírí yín: kí ni compiler COBOL tuntun ṣe sí àwọn ètò àtijọ́ yín?

Ará Gwarinpa: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa kan tí a ń ti Àbújá níbí bá ilé ìfowópamọ́ kan ní Kánádà ṣiṣẹ́ fẹ́ kó àwọn ètò mainframe (kọ̀ǹpútà ńlá) wọn kúrò lórí Enterprise COBOL 4.2, compiler IBM tó ń sọ ètò tí a kọ ní èdè COBOL di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, bọ́ sí 6.4, nítorí pé IBM ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún 4.2 láti ọdún 2022. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ojú yín ti rí?

Ọmọ Ìlá ní Kàdúná: S0C7, àṣìṣe tó ń dá ètò dúró bó bá bá ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà pàdé níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà, ní òru tí wọ́n ń san owó oṣù.

Ìyá Ìbejì Kubwa: Ti S0C7 sàn, nítorí pé ètò á dá dúró. Tiwa kò dúró rárá. Fáìlì kan wà tí wọ́n ń fi àlàfo ṣíwájú nọ́ńbà níbi tó yẹ kí òdo wà. Nínú EBCDIC, kóòdù tí mainframe fi ń tọ́jú lẹ́tà àti nọ́ńbà, X'40' ni àlàfo, X'F0' sì ni òdo, ìdajì òsì báìtì (4 àti F) nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Compiler àtijọ́ máa ń lo àṣẹ PACK tó ń di nọ́ńbà pọ̀, èyí tí kì í wo ìdajì òsì àwọn báìtì tó ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo ṣe ń di òdo tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Láti 5.1 ti ọdún 2013, tí wọ́n ti pààrọ̀ apá tó ń ṣẹ̀dá kóòdù, ó lè fi àwọn báìtì wéra bí wọ́n ṣe wà gan-an. Ìdánwò IF tó ti ń jẹ́ òótọ́ láti ayébáyé di irọ́, a sì ṣírò èlé àwọn oníbàárà kan sódì.

Àgbà Wuse: Ẹ má bínú, àbúrò, compiler kò jẹ̀bi. Àlàfo kì í ṣe nọ́ńbà, ìwé COBOL kò sì ṣèlérí ohunkóhun lórí rẹ̀ rí.

Ìyá Ìbejì Kubwa: Ẹ̀gbọ́n, n kò dá a lẹ́bi. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ìkìlọ̀ kankan. Àṣàyàn compiler tí wọ́n ń pè ní ZONEDATA(MIG) ni a fi dá èsì padà sípò lórí 6.2. Lórí 6.4, INVDATA tó rọ́pò rẹ̀ ni kí wọ́n wò.

Ọmọ Ìlá ní Kàdúná: Ta wá ni yóò tún fáìlì náà ṣe?

Àgbà Wuse: Àwọn tó ń kọ ọ́ ni. Bí ẹ bá fi àṣàyàn compiler bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kubwa: Àwọn oníbàárà kò lè dúró de ìyẹn, ẹ̀gbọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria: Ti CALL, àṣẹ tí ètò kan fi ń pe òmíràn, ni èmi rí. Ètò kan fi àyè báìtì 80 ránṣẹ́ láti ìparí WORKING-STORAGE, ibi tí ètò ń tọ́jú dátà rẹ̀, ètò tí ó pè sì ń kọ báìtì 100 sí i. Lórí 4.2, ibi tí 20 tó ṣẹ́kù ń bọ́ sí kò ní ohun tó ń ṣiṣẹ́. Lórí 6, ètò ìpamọ́ yí padà, ó sì ń ba ohun mìíràn jẹ́. PARMCHECK, àṣàyàn compiler tó ń wo bóyá ètò tí a pè kọ kọjá ìparí àyè náà, ló tú u fó.

Ará Gwarinpa: Ẹ ṣeun. Ṣé fáìlì òpin oṣù tó láti fi dán an wò?

Ọmọ Ìlá ní Kàdúná: Kò tó. Ẹ wá ti òpin ọdún náà, kí ẹ gbé e gba 4.2 àti 6.4, kí ẹ sì fi èsì wéra ní báìtì sí báìtì.

Àgbà Wuse: Kí INITCHECK (tó ń wá dátà tí a lò láì tíì fi nǹkan sí i) àti SSRANGE (tó ń wò bóyá ètò kọjá ààlà àyè rẹ̀) wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí àyè PDSE, irú àpótí fáìlì tuntun lórí mainframe, sì ti wà nílẹ̀, nítorí pé PDS, irú ti àtijọ́, kò gba ètò tó ti ṣetán láti ṣiṣẹ́ tí a fi 5.1 sókè kọ́.