Ẹja inú adágún ẹ̀yìn ilé wa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ gbà mí o

Baba Àjọkẹ́ (Katy, Texas):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá. Adágún kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa, irú èyí tí àwọn tó kọ́ àdúgbò gbẹ́ kí omi òjò lè rí ibi gbà sí. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti rìn yí i ká. Ẹja tí wọ́n ń pè ní báàsì (largemouth bass) wà nínú rẹ̀, ojú mi ló ṣe. Ọmọ òyìnbó kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ fa mẹ́ta yọ níṣojú mi ní Sátidé, ó sì ń dá wọn padà sómi bíi pé kò rí nǹkan kan.

Èmi rèé, mo ti náwó. Mo ra ọ̀pá tó le gbagidi, ẹsẹ̀ bàtà méje ààbọ̀. Mo ra ríìlì (ohun tí wọ́n ń ká okùn sí lára ọ̀pá) tí wọ́n ń pè ní baitcaster, irú èyí tí àwọn tó ń díje ń lò. Mo ra àpótí kan tó kún fún ẹja oníke aláràbarà, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta nídìí gbogbo wọn. Mo jù ú, mo jù ú, títí apá fi ń ro mí. Àárín gbùngbùn omi ni mò ń jù ú sí, níbi tó jìn. Tí mo bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì ni okùn máa lọ́ mọ́ra nínú ríìlì bí irun dàda. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ẹja kan ò jẹ. Agogo méjì ọ̀sán ni mo máa ń lọ, torí iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mo sì ní láti sùn láàárọ̀. Ìyàwó mi ti ń bi mí bóyá kí òun kúkú lọ ra ẹ̀pìyà lọ́jà. Kí ni mo ṣe fún wọn?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (Houston):
Baba Àjọkẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á dé “àárín gbùngbùn omi”. Èmi náà ti ṣe é rí. Àwọ̀n ni bàbá mi ń dà lórí ọ̀sà, ìyẹn ni mo fi gbà pé ibi tó bá jìn ni ẹja wà. Báàsì ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja tó ń ba ni. Á sá pamọ́ sẹ́bàá koríko, sábẹ́ igi tó wó sómi, sẹ́nu páìpù tí omi òjò ń gbà wọlé, á máa dúró de ohun tó bá ń kọjá. Nínú adágún kékeré, etí omi ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé orí ẹja tí ẹ ń wá lẹ dúró lé, tí ẹ ń ju ìwọ̀ ré e kọjá.

Ẹ dúró jìnnà sómi díẹ̀, bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ kọ́kọ́ jù ú sí etí omi lápá ọ̀tún àti òsì kí ẹ tó jù ú síwájú, ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sójú omi.

Ẹ gbé ríìlì yẹn jìnnà ná. Ẹ ra irú ríìlì tí wọ́n ń pè ní spinning, tí wọ́n kọ 2500 sí lára, ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ tàbí méje tí wọ́n kọ medium sí, àti okùn mono (okùn ọ̀rá) tí agbára rẹ̀ jẹ́ 8 tàbí 10 pọ́n-ùn. Gbogbo rẹ̀ ò ní gbà tó 100 dọ́là. Àpótí ike yẹn, ẹ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta yẹn gan-an ni koríko inú adágún ń retí.

Ekòló rọ́bà ni kí ẹ rà, gígùn ínṣì mẹ́fà tàbí méje. Bí wọ́n ṣe ń so ó ni wọ́n ń pè ní Texas rig. Ẹ kọ́kọ́ ki òjé kékeré tó ṣe ṣóńṣó bí orí ọta ìbọn sókùn, 1/8 ounce tó, kó máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò so ìwọ̀ 3/0 tó tẹ̀ ní èjìká. Ẹ gún ṣóńṣó ìwọ̀ wọ orí ekòló, ẹ yọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fà á títí ojú ìwọ̀ á fi wọnú rọ́bà, ẹ yí ìwọ̀ padà, kí ẹ wá gún ṣóńṣó rẹ̀ padà sínú ara ekòló kó fara pamọ́. Kò ní há koríko mọ́ nìyẹn. Àmọ́ ekòló gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ o. Tó bá ká kò pẹ́nrẹ́n, á máa pòòyì lómi, á sì lọ́ okùn yín. Tí omi bá rí bí ògì, dúdú tó ní búlúù lára ni kí ẹ lò. Tó bá mọ́, àwọ̀ ewé tó ṣú díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní green pumpkin.

Ẹ jù ú, kó rì dé ilẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Ẹ gbé orí ọ̀pá sókè díẹ̀, ẹ tún dúró. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Agogo méjì ọ̀sán nínú oṣù kẹfà ní Texas kẹ̀? Ẹja gan-an ń wá ibòji nígbà yẹn. Ìgbà tí ẹ bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ, ni kí ẹ yà síbẹ̀.

Ìyá Tolú (Atlanta):
Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́, ẹ kú àlàyé, àmọ́ Texas rig yẹn ti gùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èmi àtàwọn ọmọ mi, wacky là ń lò. Ekòló rọ́bà ínṣì márùn-ún tó sanra dọ́gba, irú Senko ti Yamamoto, ẹ gún ìwọ̀ sí i ní agbede méjì, ó parí. Kò sí òjé. Ẹ jù ú, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe ń rì ni orí àti ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, báàsì ò lè rí i kó gbójú kúrò. Àléébù rẹ̀ ni pé ó tètè ń ya. Ẹ fi òrùka rọ́bà kékeré sí i níbàdí, kí ẹ gba abẹ́ òrùka yẹn ti ìwọ̀ bọ̀ ọ́, owó yín á dín kù.

Ẹ má fojú kéré adágún o. Ní Georgia wa níbí, ní 1932, George Perry fa báàsì tó wọn pọ́n-ùn 22 àti ounce 4 jáde ní Montgomery Lake. Di 2009 ni Manabu Kurita tó rí irú rẹ̀ ní Lake Biwa ní Japan, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ di ipò báàsì tó wúwo jù lágbàáyé mú. Fún ẹni tó bá ń sọ pé òyìnbó kì í jẹ báàsì: Perry gbé tiẹ̀ relé, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Làǹbẹ́ (Dallas):
Mi ò bá yín lọ níbi ọ̀rọ̀ ríìlì yẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tà á. Bọ́tìnì róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ máa fún un títí ìjẹ á fi máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó bá sì kanlẹ̀ kí ríìlì dúró fúnra rẹ̀. Kí àtàǹpàkò yín tẹ okùn kí ìjẹ tó kan omi. Ẹ fi kọ́ra lórí koríko iwájú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ewé bá bo ojú omi lóṣù keje, okùn 8 pọ́n-ùn ò lè fa ẹja kúrò níbẹ̀. Àkèré rọ́bà lẹ máa nílò, pẹ̀lú okùn braid (okùn tí wọ́n hun) 50 pọ́n-ùn àti ọ̀pá gbagidi yín yẹn. Tí omi bá fọ́n gbàù lábẹ́ àkèré, ẹ má fà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá Tolú:
Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ti Làǹbẹ́ ń sáré lórí ewé o 😂

Baba Àjọkẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ ò ní tẹ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti jẹ? Ṣé wọ́n ṣeé jẹ?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ó máa ń dà bíi kí èèyàn fi ìka kan ilẹ̀kùn, kó kó. Nígbà míì ẹ ò ní mọ nǹkan kan lára, okùn ló máa ṣàdédé máa rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ẹ sọ orí ọ̀pá kalẹ̀, ẹ ká okùn tó dẹ̀, kí ẹ tó fà á sókè gìrì. Ó máa fò jáde lómi, á máa gbọnrí. Ẹ má jẹ́ kí okùn dẹ̀. Tó bá dé ọwọ́, ẹ fi àtàǹpàkò di ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Eyín rẹ̀ ò lè gé yín, bíi sáńpépà káfíńtà ló rí. Tó bá tóbi, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀. Kí ẹ sì fi itọ́ mú kókó okùn tutù kí ẹ tó fún un, torí bó bá gbẹ tí ẹ fún un, á jó okùn.

Nọ́ọ̀sì Sugar Land:
Ọ̀rọ̀ jíjẹ: omi tó ń ṣàn wọ adágún yẹn, orí koríko tí wọ́n fín oògùn sí ló ti ń bọ̀, àti ojú títì tí epo mọ́tò ń kán sí. Èmi ò ní jẹ ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ẹja ọbẹ̀, ẹ lọ sí adágún ìjọba. Níbi tó pọ̀ jù ní Texas, báàsì tí kò bá tó ínṣì 14 gbọ́dọ̀ padà sómi, márùn-ún sì ni òpin lójúmọ́. Ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, àyàfi ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, tàbí tí ẹ bá ń pẹja láti etí omi nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀, bíi Brazos Bend. Àmọ́ ọ̀nì pọ̀ ní Brazos Bend o, ẹ má mú ajá lọ. Tẹ̀yìn ilé yín yẹn, ẹ bi ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ́kọ́. Kí ẹ wọ bàtà gidi, kí ẹ wolẹ̀ kí ẹ tó dúró. Ejò ń bẹ létí omi, àmọ́ èèrà iná ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá bá wa. Ẹnìkan dúró lé ìtẹ́ wọn níbi tó ti ń so ìwọ̀, kó tó mọ̀, wọ́n ti dé orúnkún.

Baba Àjọkẹ́ (lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá):
Ẹ bá mi yọ̀! Àárọ̀ Tuesday, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo gba ti Ìyá Tolú, wacky ni mo so. Mo dúró sẹ́yìn, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu páìpù. Mi ò mọ nǹkan kan lára. Okùn kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sápá òsì, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń yọ́ jáde nílé ìjọsìn. Mo ká a, mo fà á, omi sì dàrú. Ínṣì 13, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé fọ́tò tí mo yà, bàtà mi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Bí mo ṣe ń dá a padà sómi ni ọmọ òyìnbó ọjọ́sí gba ibẹ̀ kọjá lórí kẹ̀kẹ́. Ó dúró, ó wò ó, ó ní òun mọ̀ ọ́n, ìrù rẹ̀ ti ya lápá kan, òun ti mú un lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún yìí.